"Ilé Wó": Ìtàn Ewu Níbi Ilé Kíkọ́, láti Ọwọ́ Ọ̀mọ̀lé dé Ọwọ́ Bíríkìlà

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ lónìí: wó. Àwọn tó jókòó ní kíláàsì gírámà mi á rántí pé ọ̀rọ̀-ìṣe yìí wà lára àwọn tó lè dá dúró láìní àbọ̀, tó sì tún lè gba àbọ̀. "Ilé wó." "Wọ́n wó ilé." Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́ àti dá ṣe rí: abọ́ fọ́, Àjàyí fọ́ abọ́, igi dá, Àjàyí dá igi. Nínú ẹ̀yà àkọ́kọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ la gbọ́, a ò gbọ́ ẹni tó ṣe é. Àjàyí ti sá kúrò nínú gbólóhùn.

Ẹ wá wo bí a ṣe máa ń ròyìn rẹ̀ nígbàkígbà tí ilé alájà bá ya lulẹ̀ l'Ékòó. "Ilé wó ní Ìkọ̀tún." "Ilé wó ní Lẹ́kì." "Ilé wó n'Íkòyí." Bí ẹni pé ilé náà dìde lójijì, ó rẹ̀ ẹ́, ó sì jókòó. Mi ò sọ pé gírámà ló ń pa ènìyàn o. Ohun tí mò ń sọ ni pé ìtàn tí a bá ń fi irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ sọ lọ́dọọdún kò lè kọ́ wa bí a ó ṣe dènà ewu, torí kò sí ẹni tí a lè bi léèrè nínú rẹ̀. Ìtàn náà gùn ju bí a ṣe rò lọ. Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìbẹ̀rẹ̀.

Kí sìmẹ́ǹtì tó dé, ọ̀rọ̀-ìṣe méjì ni Yorùbá ní fún iṣẹ́ yìí. A ń kọ́ ilé, a sì ń mọ ilé. Mọ yìí kan náà ni ti ẹni tó ń mọ ìkòkò. Amọ̀ ni wọ́n fi ń ṣe é, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ni irinṣẹ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ náà dunjú là ń pè ní ọ̀mọ̀lé. Ọ̀mọ̀lé kì í mọ ògiri tán lójúmọ́ kan. Wọ́n á po amọ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ títí á fi le dáadáa, wọ́n á mọ ìpele àkọ́kọ́ yí ilé ká, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí oòrùn pa á. Ìgbà tí ìyẹn bá gbẹ ni wọn óò tó gbé ìpele kejì lé e. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ń ṣe é, torí òjò ni ọ̀tá ògiri tútù. Ẹ kíyè sí i: ìlànà ààbò ni gbogbo èyí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó pè é bẹ́ẹ̀. Ọ̀mọ̀lé tó bá kánjú gbé ìpele kẹta lé ìpele kejì tó ṣì tútù, ojú gbogbo àdúgbò ni ògiri rẹ̀ ti máa ya.

Ohun kejì ni pé ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ ńlá bí èyí. Onílé á bẹ ẹbí, àna, ọ̀rẹ́ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, á sì fi oúnjẹ àti ẹmu ṣe wọ́n lálejò. Ẹni tó ń gbé amọ̀ mọ onílé, onílé náà mọ ìyá rẹ̀. Bí ìgànná bá wó lu ẹnìkan, kò sí pé "a ò mọ ibi tó ti wá." Ògiri ò sì ga púpọ̀, ẹni tó bá já bọ́ látorí rẹ̀ á ṣèṣe, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n kó kú.

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé mò ń ta ayé àtijọ́ fún yín bí ẹni ń ta àgbo. Ilé amọ̀ ní ewu tirẹ̀. Koríko tàbí ewé ni òrùlé, iná sì ni ikú rẹ̀. L'Ékòó ọ̀rúndún kọkàndínlógún, iná kan lè jó àdúgbò kan mọ́lẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Àmọ́ ewu ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé lọ́wọ́, ìyẹn ewu tó ń pa òṣìṣẹ́ fúnra rẹ̀, kékeré ni nígbà náà. Gíga ló sọ ọ́ di ńlá.

Ní Badagry, àwọn míṣánnárì fi ìpìlẹ̀ ilé alájà kan lélẹ̀ ní 1842, wọ́n parí rẹ̀ ní 1845, òun ni a sì ń kà sí ilé alájà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ yìí. Ó ṣì wà níbẹ̀, ẹ lè lọ wò ó. Láti ara irú ilé bẹ́ẹ̀ ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tí kò ju pé etí Yorùbá gbọ́ ọ̀rọ̀ Òyìnbó fún "òkè ilé," ó sì tún un ṣe bó ṣe wù ú. Lẹ́yìn náà ni àwọn Àgùdà dé láti Brazil, àwọn ọmọ wa tí oko ẹrú ti sọ di másọ́ọ̀nù àti kápẹ́ńtà. Ọ̀gá kọ́lékọ́lé kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje 1894. Iṣẹ́ wọn lágbára. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn á sìn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí wọ́n tó jẹ́ kó dá ògiri gbé.

Ìlọ́jọ̀ Bar ní Tinubu Square, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti 1855 bẹ̀rẹ̀, dúró ju 160 ọdún lọ. Kò wó. Ní oṣù Kẹsàn-án 2016, wọ́n wó o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba ti kà á sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè. Níbi tí ilé ti lágbára, ènìyàn ló máa ní láti wá wó o. Gbólóhùn tó ní olùwà nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ àyálò tó dé bá wa lẹ́yìn ìyẹn jẹ́ ìtàn fúnra rẹ̀: bíríkì, bíríkìlà, sìmẹ́ǹtì, bọ́lọ́ọ̀kù, kọ́ńkéré, dẹ́kìn, lébìrà. Gbogbo irinṣẹ́ àti gbogbo iṣẹ́ ló bá orúkọ rẹ̀ wọlé. Ohun tí kò bá a wọlé ni ìlànà ìdúródè: ọjọ́ mélòó ni kọ́ńkéré gbọ́dọ̀ fi gbẹ, ta ló gbọ́dọ̀ wò ó kí wọ́n tó gun orí rẹ̀. A yá ọ̀rọ̀, a ò yá sùúrù. Sùúrù tí a sì ní tẹ́lẹ̀, ti ọ̀mọ̀lé, a rò pé ti amọ̀ nìkan ni.

Ṣé ẹ mọ̀ pé eku ló bí ọ̀kan nínú àwọn òfin ìlú tó lágbára jù l'Ékòó? Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ Èkó ní 1924. Èyí ló ti ìjọba amúnisìn dé ibi Òfin Ìlànà Ìlú ti 1928, tó dá ìgbìmọ̀ tí a mọ̀ sí LEDB sílẹ̀ láti wó àdúgbò tó há, kí wọ́n sì tún un ṣe. Ìlera ẹni tó ń gbénú ilé ni òfin náà ń wò. Ẹni tó ń kọ́ ilé náà kò sí nínú rẹ̀. Ìgbà tó di 1941 ni òfin owó gbà-máà-bínú fún òṣìṣẹ́ tó bá ṣèṣe jáde. Ó dáa, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣe: ó ń díye lé ọwọ́ tó gé, ó ń díye lé ojú tó fọ́. Kò sọ bí ọwọ́ ò ṣe ní gé. Òfin ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ti 1955, àti èyí tó rọ́pò rẹ̀ ní 1987, gbìyànjú láti sọ ìyẹn, àmọ́ inú ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ ni ojú rẹ̀ wà. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn amòfin ti ń ráhùn pé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé kò fi bẹ́ẹ̀ sí nínú ohun tó pè ní ilé-iṣẹ́.

Nígbà náà ni owó epo dé, ilé sì bẹ̀rẹ̀ sí í ga kíákíá. Ní 1974, ilé alájà kan tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ya lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn 27. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ìtàn ilé wíwó ní Nàìjíríà ti sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkà wọn. Lọ́dún 1974 kan náà, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì gbé òfin ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ jáde, èyí tó gbé ẹrù náà lé agbanisíṣẹ́ lórí kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀. Ìbàdàn sin òkú, London kọ òfin. Nígbà tó di 1994, wọ́n tún fi ìlànà mìíràn kún un níbẹ̀ fún iṣẹ́ ilé kíkọ́ nìkan: onílé tó sanwó, ẹni tó ya àwòrán, àti agbaṣẹ́ṣe, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ ronú nípa bí ẹni tó máa gun òkè kò ṣe ní já bọ́. Ìyípadà ńlá lèyí. Nínú òfin Hammurabi ọba Bábílónì, tó ti tó nǹkan bí 3,700 ọdún, bí ilé bá wó pa onílé, ẹni tó kọ́ ọ ni wọ́n máa pa. Ìjìyà bíríkìlà nìkan. Ohun tí 1994 sọ ni pé onílé tó ní "ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ kó tó di Kérésì" wà lára àwọn tó gbé ikú wọlé.

Ẹ jẹ́ kí n wálé sí Kòsọ́fẹ́ wàyí, níbi tí mo ń gbé. Etí Yorùbá kì í gbọ́ orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ wa yìí láì gbọ́ "kò sí ọ̀fẹ́" nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra ilẹ̀ ní Kétu tàbí Ìkòsí á ní kò sí ìtumọ̀ mìíràn tó lè bá a mu jùyẹn lọ. Máìlì Kejìlá náà, òpó ọ̀nà Ìkòròdú ló fún un lórúkọ. Lónìí ọjà tòmátò, ata, iṣu àti ẹ̀wà ló sọ ọ́ di ńlá. Nígbà tí wọ́n parí Afárá Kẹta ní 1990, tó já sí Oworonṣókí tiwa níhìn-ín, ọ̀nà láti Erékùṣù dé Kétu kúrú, owó ilẹ̀ sì gun òkè. Ilé-iṣẹ́ agbaṣẹ́ṣe àwọn ará Jámánì kan náà ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, Bẹ́gà, gẹ́gẹ́ bí ibùdókọ̀. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé nígbà tí orúkọ agbaṣẹ́ṣe bá di orúkọ ìlú, ẹ mọ̀ pé ìlú náà kò tíì kọ́ tán.

Ilẹ̀ wa níhìn-ín kì í ṣe òkúta. Odò Ògùn ń ṣàn kọjá lẹ́yìn Máìlì Kejìlá, irà sì wà láti Agboyí dé Alápẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2010, nígbà tí wọ́n ṣí omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọ̀yán, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Ajégúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú àti ní agbègbè Máìlì Kejìlá ló fi ọkọ̀ ojú omi jáde nílé wọn. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ilé alájà mẹ́ta sórí irú ilẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò wo inú ilẹ̀, kí wọ́n mọ ibi tí amọ̀ rírọ̀ parí sí. Owó àyẹ̀wò ilẹ̀ kò pọ̀ rárá bí a bá fi wé owó ilé. Àmọ́ ìnáwó àkọ́kọ́ tí onílé ń ṣe kì í ṣe fún onímọ̀ ilẹ̀.

Ọmọ onílẹ̀ ni. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Owó àtiwọlẹ̀ wà, owó fàǹdéṣọ̀n wà, owó dẹ́kìn wà, ti òrùlé náà wà. Bí o kò bá san án, wọ́n á wá ba bọ́lọ́ọ̀kù jẹ́, wọ́n á sì lé òṣìṣẹ́ kúrò. Ní oṣù Kẹjọ 2016, Gómìnà Ambode fọwọ́ sí òfin ààbò ohun-ìní ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó sọ gbígba irú owó bẹ́ẹ̀ àti fífi ipá wọ ilẹ̀ onílẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé ènìyàn dé ẹ̀wọ̀n. Àwọn ènìyàn sábà máa ń ya ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ sọ́tọ̀ sí ọ̀rọ̀ ilé wíwó, bí ẹni pé ọ̀kan jẹ́ ti ọlọ́pàá, èkejì jẹ́ ti ẹnjiníà. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Onílé tó ti san owó mẹ́rin fún àwọn tí kò gbé bọ́lọ́ọ̀kù kan, níbo ló ti máa rí i yọ? Á yọ ọ́ nínú sìmẹ́ǹtì. Á ní kí wọ́n fi irin tó tín-ín-rín rọ́pò èyí tí ẹnjiníà kọ sílẹ̀. Ìgbà tó bá yá, kò ní pe ẹnjiníà mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ olè. Irin ò ṣeé fi sílẹ̀ lóru, Owódé Onírin ò jìnnà, ẹni tó bá jí irin kò ní wá oníbàárà tì. Nítorí èyí ni onílé ṣe máa ń sọ fún lébìrà méjì mẹ́ta pé kí wọ́n máa sùn sínú ilé tí kò tíì parí, kí wọ́n fi ṣọ́ ọ. Wọ́n rò pé àwọn fi ààbò sí i. Ṣùgbọ́n ààbò irin ni, kì í ṣe ààbò ènìyàn. Ilé Lẹ́kì tó wó ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹta 2016, tó pa ènìyàn tó lé ní 30, ilẹ̀ ò tíì mọ́ nígbà tó ya. Àwọn tó ń sùn lábẹ́ dẹ́kìn tútù ni olùṣọ́ tí kò ní ibi tí yóò sá sí. Ẹ san owó mẹ́gáàdì kan, kí ẹ kọ́ àgọ́ kékeré fún un lẹ́bàá géètì, kí ó má sùn lábẹ́ ohunkóhun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà.

Ọ̀rọ̀ dẹ́kìn yìí, mo fẹ́ dúró níbẹ̀ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ikú pọ̀ sí jù. Kọ́ńkéré kì í gbẹ bí aṣọ ṣe ń gbẹ. Omi àti sìmẹ́ǹtì ló ń di ara wọn mú nínú rẹ̀, ìdìmú náà ò sì yá: ọjọ́ 28 ni àwọn onímọ̀ fi ń wọn agbára rẹ̀. Bí omi bá pọ̀ jù nígbà tí wọ́n ń pò ó, ó máa ń rọrùn fún lébìrà láti tú, àmọ́ ihò kéékèèké á kù sínú rẹ̀, agbára rẹ̀ á sì dínkù. Ọparun àti pákó tó gbé e ró gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta, ó kéré tán, àyàfi tí ẹnjiníà bá sọ ohun mìíràn. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ ní àdúgbò wa? Ọparun náà, yíyá ni wọ́n yá a, owó ọjọ́ ni wọ́n ń san. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yọ ọ́ ní ọjọ́ keje, kí wọ́n gbé e lọ sí òkè tàbí sí ilé ẹlòmíràn. Ọ̀mọ̀lé tí kò mọ̀wé mọ̀ pé ìpele tútù kì í gbé ìpele mìíràn. Ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ní fóònù méjì ń gbé àjà kẹta lé èkejì tó ṣì tútù.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ilé wíwó nìkan ni ikú ibi ilé kíkọ́. Wíwó ló ń wọ ìwé ìròyìn torí pé ó ń pa ọ̀pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn tó ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan kò ní ìròyìn. Ẹni tó já bọ́ látorí pákó tí wọ́n fi ìṣó kan ṣoṣo kàn. Ẹni tó sọ̀kalẹ̀ sínú kànga tàbí sọ́káwéè tí atẹ́gùn burúkú ti kún, àti ẹnìkejì tó sọ̀kalẹ̀ tẹ̀lé e láti gbà á là. Àwọn méjèèjì ni wọ́n máa ń gbé jáde. Ẹni tó gbé irin gígùn sókè lórí àjà kejì, tí irin náà kan wáyà NEPA, torí onílé ti fa báńkónì rẹ̀ dé ẹnu títì. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ní ìdènà tí kò gba owó púpọ̀. Okùn tó dúró ṣinṣin, òpó ìdènà létí àjà, kí wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn wọ inú ihò dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́, kí wọ́n ní kí àwọn oníná mànàmáná pa wáyà kí wọ́n tó gbé irin.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, wọ́n ń kọ́ ilé kan lójú ọ̀nà wa. Ọ̀dọ́kùnrin bíríkìlà kan máa ń kí mi láràárọ̀, ọmọ dáadáa ni. Mo bi í pé hẹ́mẹ́ẹ̀tì rẹ̀ dà. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, ẹ má ṣèyọnu, orí mi ò ní gbàbọ̀dè." Mo ní, "Ọmọ mi, orí inú ni kì í gbàbọ̀dè. Orí òde, bọ́lọ́ọ̀kù kan ló ń dúró dè." Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ó wá sọ ohun tí n ò gbàgbé: hẹ́mẹ́ẹ̀tì mẹ́rin ni agbaṣẹ́ṣe rà fún gbogbo wọn, inú ọkọ̀ rẹ̀ ló sì ń kó wọn sí, ọjọ́ tí àwọn ìjọba bá ń bọ̀ ló máa ń kó wọn jáde. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń sọ pé ìgbàgbọ́ nínú àyànmọ́ ló ń pa òṣìṣẹ́ wa, ẹ gbọ́ ìyẹn ná. Ọmọkùnrin náà fi orí rẹ̀ lé orí inú lọ́wọ́ nítorí pé kò rí ìkejì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ jàǹbá ṣe ń yí padà lẹ́nu wa. Lẹ́nu àwọn àgbà tó tọ́ mi, "ó ṣe mí ní jàǹbá" túmọ̀ sí pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi sí mi. Jàǹbá ní ẹni tó ṣe é. Lónìí, "jàǹbá ṣẹlẹ̀," ó parí. Ọ̀rọ̀ náà ti ṣe bíi wó: ó ti sọ olùwà rẹ̀ nù.

Òfin ò wọ́n wa mọ́, ìyẹn ni kí ẹ mọ̀. Ìlànà ilé kíkọ́ ti gbogbo Nàìjíríà jáde ní 2006. Òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2010 fìdí àwọn àjọ tó ń fúnni ní ìwé àṣẹ àti àwọn tó ń ṣọ́ ilé kíkọ́ múlẹ̀, LASPPPA àti LASBCA. Òfin àjọ ààbò ti Èkó dé ní 2011. Láti 2003 ni òfin ìbánigbófò ti ní kí ẹni tó ń kọ́ ilé tó ju àjà méjì lọ ra ìbánigbófò kó tó bẹ̀rẹ̀. Òfin owó gbà-máà-bínú tuntun ti 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ́dọ̀ NSITF. Àmọ́ lébìrà tó dúró níkòríta ní aago mẹ́fà àárọ̀ pẹ̀lú ṣọ́bìrì, tí wọ́n bá dúnàádúrà owó ọjọ́ kan, ìwé owó oṣù wo ni orúkọ rẹ̀ wà? Bó bá ṣèṣe, onílé á ní ti agbaṣẹ́ṣe ni, agbaṣẹ́ṣe á ní ti bíríkìlà ni, bíríkìlà á pa fóònù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn ìkìlọ̀. Ní Ìkọ̀tún, ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án 2014, ilé àlejò ìjọ kan wó pa ènìyàn 116, ọ̀pọ̀ nínú wọn ará South Africa. Adájọ́ tó wádìí ikú wọn sọ ní 2015 pé ilé náà kò ní ìwé àṣẹ, ara ilé náà fúnra rẹ̀ ni kò sì lè gbé ara rẹ̀. Ní Lẹ́kì 2016, ìjọba ní àwọn ti ti ilé náà pa tẹ́lẹ̀ torí àjà tó kọjá ohun tí wọ́n fọwọ́ sí. Ní Ìta Fájì, ọjọ́ 13 oṣù Kẹta 2019, ilé tí ilé-ìwé ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó pa nǹkan bí 20 ènìyàn. Wọ́n ní àmì wíwó ti wà lára rẹ̀ ṣáájú. Ní Gerrard Road n'Íkòyí, ọjọ́ 1 oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ya, ó pa ènìyàn tó lé ní 40, onílé pẹ̀lú wọn. Ilé-iṣẹ́ ẹnjiníà kan ti kọ̀wé fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 2020 pé àwọn ò lè dúró fún agbára rẹ̀ mọ́, ìjọba sì ti tì í pa fún ìgbà díẹ̀ lọ́dún 2021 náà. Kì í ṣe tiwa nìkan: ní Rana Plaza ní Bangladesh, ògiri ti là ní ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 2013, gbogbo ènìyàn rí i, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ padà wọlé, ènìyàn tó lé ní 1,100 ló kú. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí. Àwọn ògiri wọ̀nyí lanu. Wọ́n sọ̀rọ̀ ni.

Ohun tí kò sí nínú gbogbo wọn ni ẹni tó lè sọ pé "ẹ dúró" kí iṣẹ́ sì dúró. Ẹnjiníà lè kọ̀wé, ìjọba lè fi ọ̀dà pupa kọ nǹkan sára ògiri, àmọ́ lébìrà tó kọ́kọ́ rí i pé òpó ń ya, ta ló máa gbọ́ tirẹ̀? Ibi tí èdè ti wọ ọ̀rọ̀ ààbò rèé. Lórí ilé kíkọ́ kan ní Kétu lónìí, ẹ lè bá Yorùbá, Hausa, Ègùn, àti àwọn ọmọ Togo tó ń lẹ táìsì, tí Faransé wọn dáa ju Gẹ̀ẹ́sì wọn lọ. (Kétu ti Bénin, tó bá Kétu wa jẹ́ orúkọ kan náà, ni ilé àwọn mìíràn nínú wọn.) Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo pátákó ìkìlọ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ lókè ihò kan, tí àwọn lébìrà méjì sá aṣọ lé. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láràárọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó: kí fóómànù dúró, kí ó sọ ewu ọjọ́ náà lẹ́nu tí gbogbo wọn gbọ́, kí ẹnìkan tún un sọ ní Hausa àti Ègùn, kí wọ́n fi ẹnu kò lórí igbe kan ṣoṣo tó túmọ̀ sí pé kí gbogbo ènìyàn fi ohun tó wà lọ́wọ́ sílẹ̀. "Ẹ yàgò!" dára fún ọjà. Àwọn onílórí, alábàárù àti ọlọ́mọlanke ti lò ó ní Máìlì Kejìlá títí etí fi kọ̀ ọ́. Ó yẹ kí igbe ibi ilé kíkọ́ yàtọ̀ sí i, kí ó kúrú, kí ó jẹ́ èyí tí ẹni tó gbé bọ́lọ́ọ̀kù lé orí á dá mọ̀ láàárín ariwo ẹ̀rọ.

Ìjọba Èkó ní kí pátákó wà níwájú gbogbo ilé tí wọ́n ń kọ́, kí orúkọ onílé, ayàwòrán, ẹnjiníà àti nọ́ḿbà ìwé àṣẹ wà lórí rẹ̀. Bí mo bá ń rìn nírọ̀lẹ́ láti Ìkòsí lọ sí ẹnu títì, mo máa ń dúró kà wọ́n. Àwọn kan péye. Àwọn kan, orúkọ onílé nìkan ló wà níbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ọ̀kan ní ilé alájà mẹ́ta kan: wọ́n ti fa ìlà sílẹ̀ fún orúkọ ẹnjiníà, àwọ̀ funfun ni wọ́n kùn síbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sí i. Dẹ́kìn kejì ni wọ́n ń dà lọ́jọ́ náà. Mo bi fóómànù pé ta ni ẹnjiníà yín. Ó ní, "Ó ń bọ̀, Bàbá." Mo kọ nọ́ḿbà àdírẹ́sì ilé náà sílẹ̀, mo sì pe LASBCA láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Wọ́n ní àwọn ti gba àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí mo bá tún kọjá níbẹ̀, màá sọ fún yín bóyá orúkọ ti wà lórí ìlà náà.